Ọkọ Mi Yàn Mí Lódì, Ó Di Ọjọ́ 19 Lónìí

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nyanya ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá. Mò ń ta àǹkárá ní ọjà Karu. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, Garki ni ọ́fíìsì wọn wà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Keffi, kí wọ́n sì tó wọlé lálẹ́, aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá wọn wá nọ́ńbà kan lórí fóònù wọn, ni mo bá rí alert bánkì. Wọ́n ti fi ₦350,000 ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún. Nínú owó tí a jọ ń kó pamọ́ láti fi san owó ilé ni wọ́n ti mú un, wọn ò sì sọ fún mi. Mi ò lè mú un mọ́ra. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ kò wọ́n lójú. Mo pariwo. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé èmi lo fẹ́ ni àbí àwọn ará ilé yín?" Àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Wọn ò fèsì, wọ́n wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi, wọ́n ń fi owó oúnjẹ sórí tábìlì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan, Táyé ni wọ́n ń rán: "Sọ fún mọ́mì ẹ pé omi ti tán nínú táǹkì."

Mo ti fi ohùn mi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp títí, ọ̀kan gùn tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ń rí i pé wọ́n ń gbọ́ ọ, wọn kì í dáhùn. Ìyá mi ní kí n lọ kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí èmi náà gbẹ́nu dákẹ́, kí á wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Ìlá, mo ti tẹ nọ́ńbà wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gé e. Oorun ti dá lójú mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì, Nyanya

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, má tíì pe Ìlá. Gbé fóònù náà sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó olú ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Bàbá Ràbí, ọkọ mi, wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ ìjọba rìn wá. Èmi ń ṣe tíṣà ní Èkó, àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ó di 1994 kí n tó kó dé bá wọn ní Garki. Ní 1997, owó kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù fún mi. Ẹnu ìyàwó ọ̀rẹ́ wọn ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti fi ra ilẹ̀ sí Karu. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Mo kọrí sí ọ́fíìsì NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà, mo tò sórí ìlà, mo pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ọ̀fà, mo sì ro gbogbo ẹjọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n yìí pe ọ́fíìsì, wọ́n bá àbúrò wọn wí lórí fóònù bí ẹni ń bá ọmọdé wí, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń gbọ́. Nígbà tí Bàbá Ràbí délé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kírun, wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ọjọ́ 22 la fi wà bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ṣíbí wọn lára àwo títí dòní.

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ tú. Iná ti lọ, mo gbé làǹtà sílẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà tí a máa sè láàárọ̀. Wọ́n wá jókòó. Kì í ṣe iwájú mi ni wọ́n jókòó sí o, ẹ̀gbẹ́ mi ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. A ṣà á títí. Mo wá ní, "Kò yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí Ọ̀fà. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí." Wọn ò gbójú sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn: "Ìyá Ràbí, ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì ló ti rà. Mo rò pé tí mo bá sọ fún ọ, wàá ní rárá, ilẹ̀ á sì tán." Ọdún mẹ́ta la ti jọ ń sùn, tí a jọ ń jí ní Garki, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù àìnílé ń ba ọkùnrin yìí. Wọ́n ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ilé tí mo ti ń kọ ìwé yìí sí ọ, orí ilẹ̀ Karu yẹn ló wà.

Ohun tí ọkọ rẹ ń ṣe ní orúkọ lédè wa. Odì ni. Àwọn àgbà kò kàn pè é ní dídákẹ́, wọ́n fún un lórúkọ tirẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó yan èèyàn lódì. Ẹni tó dákẹ́ ń wá bí inú rẹ̀ yóò ṣe rọ̀, ó ṣì wà nílé pẹ̀lú rẹ. Ẹni tó yàn ọ́ lódì ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọ síta, kò sì dá ọjọ́ tí yóò ṣí i fún ọ. Àìmọ ọjọ́ yẹn ló ń gba oorun lójú rẹ.

Mo gbà pé dídákẹ́ ni ọkọ rẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ John Gottman. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní University of Washington, nílùú Seattle, ó máa ń mú tọkọtaya jókòó, á so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára, á ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ó rí i pé bí ọkàn èèyàn bá ti ń lù kọjá ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, onítọ̀hún kì í gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ dáadáa mọ́. Kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ ju kí ó jà tàbí kí ó sá lọ. Àwọn tó máa ń dákẹ́ gbáà nígbà náà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ojú wọn á dà bí ògiri, ọkàn wọn á sì máa sáré. Nígbà kan, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá ìjà tọkọtaya dúró, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀, ara wọn ti balẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 20 ìṣẹ́jú.

Wá fojú inú wo ọkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ti jókòó sínú mọ́tò láti oríta AYA dé Nyanya, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́, ó wọ yàrá lọ. Èmi ò bá a wí fún ìyẹn. Ohun tí mo bá a wí sí ni pé kò padà jáde wá sọ pé, "Ó yá, jẹ́ ká sọ ọ́." Ìsinmi 20 ìṣẹ́jú ni ó sọ di ọjọ́ 19.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí ìwọ náà yàn án lódì kò gbà ọ́ nímọ̀ràn rere. Mùsùlùmí ni mí, ìwọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò yà wá. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim, àwọn àgbà tó kó hádíìsì jọ, gbà wọlé pé Ànábì ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì kọjá òru mẹ́ta, pé ẹni tó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì ló sàn jù nínú wọn. Nínú Bíbélì tìrẹ, ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Éfésù ní kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú yín. Kọ́kọ́ kí i. Ẹni tó kọ́kọ́ kíni kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá.

Ó kan ohun tí ìwọ náà ṣe. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, "wọ́n" ni o ń pe ọkọ rẹ. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí "ìwọ", inú ariwo yẹn sì ni. O lè má kà á sí, ṣùgbọ́n èmi kà á sí. Àwọn ọmọ mi obìnrin ń bá ọkọ tiwọn sọ "o" láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Àmọ́ nínú ilé tí "ẹ" ti jẹ́ àṣà, kí o ṣàdédé sọ "ìwọ ọkùnrin yìí" sí i lójú, níṣojú ọmọ, ìgbátí ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbátí náà ló ń dùn ún láti ọjọ́ yìí, kí ó tilẹ̀ má rántí ọ̀rọ̀ owó mọ́.

Ibí yìí ni èmi àti ìyá rẹ ti yapa díẹ̀. Bí o bá fẹ́ kúnlẹ̀, kúnlẹ̀ nítorí "ìwọ" àti nítorí ariwo níwájú àwọn ọmọ. Má kúnlẹ̀ nítorí pé o béèrè owó. Owó ilé tí ẹ jọ ń kó jọ ni, ó tọ́ sí ọ láti béèrè. Tí o bá da méjèèjì pọ̀ bẹ̀bẹ̀, ara á tù yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ₦350,000 á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ nínú ilé yín mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá tún jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, òun náà ni yóò yọjú.

Dá ohùn ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn dúró. Ojú ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ọ, ọkọ̀ há, inú rẹ ń ru sí i létí, kò sì ráyè dá ọ lóhùn. Kọ èyí ránṣẹ́ sí i lónìí: "Bàbá Ìbejì, mo pè yín ní ìwọ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ owó ṣì wà, mi ò ní pariwo. Ṣé a lè sọ ọ́ láàárọ̀ Sátidé?" Má fi nǹkan kan kún un. Tí kò bá fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú, má tún un fi ránṣẹ́.

Ní Sátidé, jẹ́ kí ó sùn dáadáa, kí ó jẹun. Má jókòó kọjú sí i bí adájọ́. Wá iṣẹ́ tí ọwọ́ lè máa ṣe, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, tàbí kí ẹ jọ máa ká aṣọ. Àbúrò rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ béèrè: kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ìlá? O ò kọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe sínú lẹ́tà rẹ, mo sì rò pé o ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ òrùlé tí ìjì ṣí. Ó sì lè jẹ́ ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n o ti dájọ́ kí o tó gbọ́ ẹjọ́, bí èmi náà ṣe ṣe ní 1997. Lẹ́yìn tí ó bá sọ tán ni kí o sọ tìrẹ, ohun tó ṣe ìwọ ni kí o sì sọ: "Nígbà tí mo rí i, àyà mi já. Mo rò pé onílé máa lé wa jáde." Má sọ "bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe", nítorí bí o bá ti sọ ìyẹn, ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lẹ máa padà sí. Bí ohùn bá fẹ́ gòkè, kí ẹnì kan nínú yín ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán a ó padà sí i," kí onítọ̀hún sì padà sí i lóòótọ́. Aago tí ẹ bá dá yẹn ni kò ní jẹ́ kí ìsinmi di odì. Kí ẹ tó dìde, ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sílé láìsọ fún ẹnì kejì. Ìwọ náà wà nínú rẹ̀ o, owó ọjà ń gba ọwọ́ rẹ kọjá.

Ọ̀rọ̀ Táyé ló bà mí nínú jẹ́ jù nínú lẹ́tà rẹ. Ní agboolé tí mo dàgbà sí ní Ìbàdàn, nítòsí Ọjà'ba, bí tọkọtaya bá yan ara wọn lódì, kì í ju ọjọ́ kejì lọ kí ìyáálé tó fura. Kò ní pe ìpàdé. Á bu ọbẹ̀ sínú àwo, á gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́, á ní, "Gbé e fún ọkọ rẹ, kí o sọ pé èmi ni mo ní kí ó jẹ ẹ́ níwájú rẹ." Wọ́n á ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí àwo tó gbẹ. Kò sí ìyáálé ní Nyanya. Aládùúgbò rẹ lápá ọ̀tún lè jẹ́ Tiv, ti apá òsì lè jẹ́ Gbagyi, ẹ ó kí ara yín dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò lè mọ̀ pé odì wà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe gba iṣẹ́ ìyáálé. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n rán òun. Láti alẹ́ òní lọ, tó bá ti jíṣẹ́, fà á mọ́ra, sọ fún un pé, "O ṣé, máa lọ ṣeré. Èmi fúnra mi máa dá Dádì lóhùn." Kí o dìde, kí o lọ bá ọkọ rẹ níbi tó wà, kí o ní, "Mo gbọ́. Mo máa pe mai ruwa láàárọ̀." Bóyá ó dáhùn, bóyá kò dáhùn, ọrùn ọmọ ti kúrò nínú rẹ̀.

Bí Sátidé méjì bá kọjá tí kò sí ìyípadà, ẹ wá àgbà kan níhìn-ín ní Àbújá tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún. Kí o sì sọ fún ọkọ rẹ kí o tó lọ bá àgbà náà. Ohun tí mi ò ṣe nìyẹn.

Ó ku ohun kan. O ò kọ ọ́ pé ó ń nà ọ́, o sì ní ó ń fún ọ lówó oúnjẹ, mo gbà ọ́ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ìtìjú ni kò jẹ́ kí o sọ ohun mìíràn, gbàgbé Sátidé àti ẹ̀wà ṣíṣà. Òfin tó de ìwà ipá sí èèyàn ti wà láti 2015, ó múlẹ̀ ní gbogbo agbègbè olú ìlú, Nyanya wà lára rẹ̀. Kì í ṣe lílù nìkan ló kà léèwọ̀, ó ka fífi owó jẹni níyà àti fífi ọ̀rọ̀ bani lọ́kàn jẹ́ mọ́ ọn. NAPTIP ni àjọ tó ń bójú tó o níbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o tó kọ sí èmi.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kàdúná ni mo wà, àfẹ́sọ́nà mi wà ní Gwarinpa. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá rí i. Tí a bá ti jà lórí WhatsApp, á ya àwòrán ohun tí mo kọ, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á sì máa pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti sú mi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

Ọmọ Èkìtì, Kàdúná

ÌDÁHÙN

Ọmọ Èkìtì, má fi í sílẹ̀ lórí èyí nìkan. Ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gba òun gbọ́. Fi pẹ̀lẹ́ bi í, ta ló ti pè é ní òpùrọ́ rí? Kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé nígbà tí ẹnì kẹta bá pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí o sọ fún òun nìkan, bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ níta ló ṣe ń rí lára rẹ. Kí ó yan ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó lè máa fọ̀rọ̀ lọ̀. Ìwọ náà, yan ẹnì kan.

Ẹ má sì jà lórí fóònù mọ́. "Ó dáa" tí o fi ìkánjú kọ lẹ́nu iṣẹ́, èébú ni lójú ẹni tó ń sunkún. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn kàn kọ ọ́ pé, "Ọ̀rọ̀ wà, ó di Sátidé," kí ẹnì kejì fèsì pé, "Mo gbọ́." Kí o wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní Rigasa, kí àkókò má baà ká yín mọ́. Sọ̀ kalẹ̀ ní Kubwa, kò jìnnà sí Gwarinpa, kí ó wá pàdé rẹ níbẹ̀.